Àáró Tí Mo Sá Fún

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Òkìtìpupa ni mo rí Morọ́láyọ̀. Àwa mẹ́rin là ń kàwé gboyè másítà, a sì ń ṣe àáró bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe é: lọ́sẹ̀ yìí, gbogbo wa á jókòó ti ìwé ìwádìí ẹnì kan, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kan ẹlòmíràn. Ẹni tó kàn á kà á sókè, àwa yòókù á bá a tún un ṣe.

Bàtà mi ti já lọ́jọ́ náà, okùn ni mo fi dè é. Morọ́láyọ̀ rí i. Ó kàn sún lórí bẹ́ǹṣì, kí n lè fi ẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lọ́kàn.

Mo bá a ṣe orí kẹta ìwé rẹ̀ títí ó fi dán. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Ẹ fò mí. Ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí tèmi."

Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá mi, olùkọ́ tó ń tọ́ ìwé mi sọ́nà, ti dá a padà pẹ̀lú yíǹkì pupa. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti ka ìwé mẹ́wàá. Ojú ń tì mí kí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi.

Nígbà tí Morọ́láyọ̀ gbà láti fẹ́ mi, ìyá mi bá mi lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Igbótako. Bàbá rẹ̀, apẹja tó ṣí wá láti etí òkun, bi mí pé, "Irewọlé, ìwé ńkọ́? Ẹni tó ń parí nǹkan ni mo fẹ́ fún lọ́mọ."

"Mo ti parí, sà."

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó yege mọ́ ògiri ní yunifásítì. Morọ́láyọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò rí tèmi.

"O fẹ́ràn mi tó láti bá mi ro oko mi," ó ní, "o ò fẹ́ràn mi tó láti jẹ́ kí n rí koríko tìrẹ."

N kò lè gbójú sókè.

Mo wọ tákísì lọ sí Igbótako, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀. Àwọ̀n ló ń tún ṣe. Kò dáwọ́ dúró.

"Ìyá ẹ ti gbọ́?"

"Rárá, sà."

"Lọ sọ fún un. Ilé mi ló kúnlẹ̀ sí. Tó o bá parí ìwé náà, kó o padà wá."

Mo sọ fún ìyá mi. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó; ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó mú òmíràn. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ní Sátidé, mo gbé ìwé onílà pupa náà dé Òkìtìpupa.

"Àlejò dé," Dominic tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin ní. "Ṣé àwọn tó ti parí náà ṣì ń ṣe àáró?"

"N kò tíì parí. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Mo dúró, mo kà á. Nígbà tí mo parí ojú ìwé kìíní, Morọ́láyọ̀ mú bírò jáde, ó sì sún lórí bẹ́ǹṣì.

Mo jókòó. "Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Tún ìlà kẹta kà ná."

Mo tún un kà. N kò fi ẹsẹ̀ mi pamọ́.