Ilé Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tí Sitsofe Kò Wọ̀

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta ọdún 2022, Etornam Agbeko kú nínú ọkọ̀ ojú omi, láàárín erékùṣù Kpodzi àti èbúté Kpando, ní Ghana. Ejò ló bù ú jẹ. Ọkùnrin ẹni ogún ọdún ni. Orí itan àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sitsofe, ni orí rẹ̀ wà títí ara rẹ̀ fi tutù.

Gbogbo ará Kpodzi ló mọ̀ pé ejò ló pa á. Sitsofe nìkan ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ejò. Ara ògiri ilé ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún tó ṣáájú.

Lọ́jọ́ náà, Tíṣà Dotse kó àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá síta, ó sì ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri.

"Bí a bá kó gbogbo iná mànàmáná tí orílẹ̀-èdè kan ń lò lọ́dún jọ, tí a wá pín in dọ́gba fún àwọn èèyàn ibẹ̀, ìlà yìí ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan," ni ó wí. "Ghana rèé."

Ìlà Ghana gùn tó apá àgbàlagbà. Ti Nàìjíríà kò ju ìbú ọwọ́ tí a là lọ. Ti Niger kò ju ìka kan lọ. Nígbà tó kan Amẹ́ríkà, tíṣà ń fà á lọ, ó kọjá ẹnu ọ̀nà kíláàsì méjì, ó yà ní igun ilé, ẹfun sì tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sà, kí ni wọ́n ń fi gbogbo ìyẹn ṣe?" ni ọmọ kan bi í.

"Wọ́n ń fi mú ilé tutù. Wọ́n sì ń fi mú un gbóná."

"Lẹ́ẹ̀kan náà?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú èédú, ó fa ìlà mìíràn sábẹ́ ti Togo tó ti fi ẹfun fà ṣáájú. Ẹfun ni iná tí wọ́n ń lò, èédú ni èyí tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn. Ẹfun Togo gùn ju èédú rẹ̀ lọ, nítorí wọ́n ń ra iná lọ́wọ́ Ghana àti Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni ó padà síbi apá Ghana.

"Níbo ni Kpodzi wà lára apá yìí?"

Ó fi èédú tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Kò sí níbẹ̀. Omi tí wọ́n sé láti fi ṣe iná ló bo oko àwọn bàbá bàbá yín mọ́lẹ̀. Iná náà lọ sí Accra. Ẹ̀yin kò tíì tan gílóòbù kan." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ní báyìí, àwọn kan fẹ́ wá ṣe iná oòrùn fún wa. Wọ́n ní kí a sọ iye tí a máa lò, kí àwọn lè mọ bí bátìrì náà ṣe máa tóbi tó. Wọn ò ní wá kà á. Àwa la máa kà á. Ẹ ó wọ ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ ó bi baálé, ẹ ó sì bi ìyá ilé. Àròpọ̀ ilé ni ìlú, àròpọ̀ ìlú ni orílẹ̀-èdè. Ilé kan tí ẹ bá purọ́ mọ́, gbogbo ìlà ara ògiri yìí ló ti purọ́."

Ó fi kún un pé ẹni tó bá kọ́kọ́ parí, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́, ni yóò bá òun lọ sí ìlú Ho láti lọ ka iye náà fún àwọn àlejò tó fẹ́ ṣe iná náà.

Sitsofe kò dé Ho rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, orí rẹ̀ sì pé nínú ìṣirò. Etí omi ni wọ́n fún un, ilé méjìlélógójì. Ó mú ìwé rẹ̀, ó jáde ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ tó mú kò dára. Ọ̀la rẹ̀ ni ọjà Kpando, ọ̀pọ̀ obìnrin etí omi sì ti kó ẹja yíyan sọdá. Ọkùnrin nìkan ló ń bá nílé, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe.

"Gílóòbù mélòó lẹ máa lò, Efo?" ni ó bi ẹ̀gbọ́n kan.

"Èmi? Mo mọ gílóòbù ni? Ìyá ilé ló mọ ohun tó fẹ́. Padà wá lọ́túnla."

Ó gbọ́ "lọ́túnla" títí ó fi sú u. Nígbà tí oòrùn kàn án lórí, ilé mọ́kànlá péré ló ti wọ̀. Ibẹ̀ ni Yayra, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti bá a.

"O ṣì ń rìn kiri bí ajá tó sọ olówó rẹ̀ nù? Èmi ti ń parí tèmi lọ."

"Báwo?"

"Ṣebí ìlà wà lára ògiri. Àwọn ará Accra ló ni apá. Ará etí omi, ìka Niger ti tó wọn, ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí ni ìyá ẹlẹ́ja fẹ́ fi iná ṣe? Kó máa fi lọ aṣọ fún ẹja?"

Sitsofe rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, ó sì kọ ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kù láìdìde. Ìka Niger ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Kò kọ wọ́n bákan náà, kí tíṣà má baà fura. Ó fún ilé kan ní gílóòbù méjì, ó fún òmíràn ní mẹ́ta, ó fi rédíò sí ọ̀kan, ó yọ ọ́ kúrò nínú èkejì. Bí ẹnìkan bá wo ìwé náà, yóò rò pé èèyàn ló sọ̀rọ̀ nínú ilé wọ̀nyẹn. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn ilé tí Sitsofe kò wọ̀ kò tilẹ̀ jìnnà. Ẹni tó bá wà lábẹ́ igi náà ń rí òrùlé wọn.

Nígbà tí wọ́n ń jẹ akple lálẹ́, Etornam bi í pé, "Ṣé o ti dé ọ̀dọ̀ Daavi Mansa ẹlẹ́ja? Kò lọ sọ́jà, ó ní òun ń retí ẹni tó máa kọ tòun. Fíríìsà méjì ló ní lọ́kàn."

"Mo ti kọ tirẹ̀."

"Ó dáa. Obìnrin yẹn á sọ etí omi yìí di Accra fún wa."

Sitsofe bu òkèlè, ó gbé e mì. Ìwé náà ṣì wà lábẹ́ ẹní rẹ̀. Kò tíì fún tíṣà. Ó lè jí lọ sọ́dọ̀ Daavi Mansa ní òwúrọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé tíṣà ló gbà lọ.

Ìwé rẹ̀ ló mọ́ jù, òun ló lọ sí Ho. Ó dúró níwájú àwọn àlejò, ó ka iye tí Kpodzi máa lò, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọkùnrin kan ní kò wọ́pọ̀ kí iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Iná dé ní oṣù Kẹwàá. Wọ́n to àwo sólà sẹ́yìn ilé ìwòsàn, wọ́n kó bátìrì sínú ilé kékeré kan, ojú Kpodzi sì mọ́lẹ̀. Kí ọdún tó parí, fíríìsà mọ́kàndínlógún ti wà ní etí omi. Ẹja kò jẹrà mọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń fi ẹja wọn tọrọ lọ́wọ́ oníbàárà Kpando wá ń sọ pé, "Bí o kò bá lè rà á, fi sílẹ̀, yóò di yìnyín."

Nígbà tó di oṣù Kìíní, iná bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní oṣù Kejì, ó lè kú fún ọjọ́ kan gbáko. Fíríìjì ilé ìwòsàn ń kú pẹ̀lú àwọn yòókù, nítorí wáyà kan náà ló ń gbé gbogbo wọn.

Ní Ọjọ́rú tí mo wí, Etornam lọ gé igi fún ààrò ẹja ní ọ̀sán. Ibẹ̀ ni ejò ti bù ú jẹ. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé orókún.

"Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ ejò," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ gún un ní abẹ́rẹ́ ejò."

Nọ́ọ̀sì Akorfa kò wo ojú rẹ̀. "Ìyá, kò sí. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti dá a padà sí Kpando. Kò gbọ́dọ̀ gbóná, fíríìjì ò sì dúró."

"Kò sí kẹ̀?"

"Ẹ wá ọkọ̀, Ìyá. Ẹ má jókòó."

Wákàtí mẹ́ta ni ọkọ̀ onímọ́tò ń gbà dé Kpando. Etornam kò lò ju méjì lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, Togbui, olórí ìlú, pe gbogbo ilé jọ. Ẹnjiníà tó wá wo bátìrì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kò tíì lọ jìnnà tí wọ́n fi dojú kọ àwọn obìnrin etí omi.

"Yìnyín yín ló pa ọmọ ọlọ́mọ," ni bàbá kan wí. "Ẹ ń tọ́jú òkú ẹja, ẹ wá fi ààyè èèyàn ṣòfò."

Daavi Mansa dìde. "Bàbá Kodzo, ṣé èmi ni mo bí ejò? Ṣebí ẹja inú fíríìsà mi lẹ jẹ lánàá. Ẹ kò rí òkú lára rẹ̀ nígbà yẹn."

"Àwọn fíríìsà yẹn ni ìṣòro wa, bátìrì kò lè gbé wọn," ni ẹnjiníà dá sí i. "Kì í ṣe ẹ̀bi wa, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ kò nílò wọn. Ilé kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Mansa Dogbe: gílóòbù méjì, rédíò kan. Ohun tí ẹ kọ la ṣe."

"Ta ló bi mí?"

"Ó wà nínú ìwé."

"Mo ní, ta ló bi mí? Ẹsẹ̀ ta ló wọ ilé mi?"

Gbogbo ojú yí sí Tíṣà Dotse. Tíṣà sì wo ibi tí Sitsofe jókòó sí. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìyá Sitsofe ti nà ró nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi ló ka etí omi. Ọmọ tí mo sin kò purọ́ fún mi rí, èyí tó kù kò sì ní purọ́. Mansa, ìwọ lo gbàgbé. Mo fi Etornam búra."

Daavi Mansa bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Kò jẹ́ bá ìyá òkú jiyàn. Togbui gbé ọ̀pá rẹ̀ láti pàṣẹ pé kí wọ́n yọ fíríìsà mọ́kàndínlógún náà.

Sitsofe mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, ìyá òun ti fi òkú búra èké lójú gbogbo ìlú. Ó dìde.

"Daavi Mansa kò gbàgbé," ni ó wí. "N kò dé ilé rẹ̀. Ilé mọ́kànlá ni mo dé. Èmi ni mo jókòó kọ ìyókù."

Tíṣà Dotse bọ́ awò ojú rẹ̀, kò tún un wọ̀. Ìyá Sitsofe wà ní ìdúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tí kò rántí bí a ṣe ń jókòó, lẹ́yìn náà ó rìn lọ sílé.

Togbui kò yọ fíríìsà mọ́. Ó ní kí àwọn obìnrin máa tàn án ní ìpín mẹ́ta, ìpín kan lóòjọ́. Ẹnjiníà ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá fọwọ́ sí, ó di ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún un kà. Ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n wá bátìrì tirẹ̀ fún. Ó dé ní oṣù Keje. Oògùn ejò padà sí Kpodzi, kò sì sí ẹni tí ejò bù jẹ láti ìgbà náà.

Ìyá Sitsofe kò nà án. Ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò sì pe orúkọ rẹ̀ títí òjò ọdún náà fi tán. Yayra kò dá sí ọ̀rọ̀ náà rí, ẹnikẹ́ni kò sì bi í.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí wọ́n bá rán lọ ka ohun tí ọmọnìkejì rẹ̀ nílò, kí ó lọ bi í lẹ́nu. Bí kò bá lè lọ, kí ó sọ pé òun kò lọ. Àyè tí a fi sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé, ẹlòmíràn lè padà wá kún un. Èyí tí a fi irọ́ dí, kò sẹ́ni tó máa yà wò ó mọ́, títí ọjọ́ tí yóò fi gba ẹ̀mí. Ẹni tó bá rò pé tálákà kò lè fẹ́ ju ìka kan lọ, kò tíì bá tálákà sọ̀rọ̀.

Ohun tí Etornam Agbeko fi sílẹ̀ nìyí:

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan fún ọjọ́ ìsinmi.

Àwọ̀n kan tí kò tíì tún ṣe tán, abẹ́rẹ́ onígi ṣì wà lára rẹ̀.

Ìwé èsì ìdánwò àṣekágbá rẹ̀, tó fi ọ̀rá dì sábẹ́ àpótí. Ó yege nínú gbogbo rẹ̀. Kò fi han ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin kan ní Kpando, Delali, tó ń bi àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi léèrè rẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn ránṣẹ́ sí i.

Ìyá kan.

Àbúrò kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí ìdí ọkọ̀ ojú omi wọn, níbi tí Etornam máa ń jókòó sí.