Ojú Ewé Tó Ya Láàárín Málákì àti Mátíù

Ojú ewé kan ṣoṣo ló ya nínú Bíbélì ilé wa, òun ló sì mú mi kúrò ní ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, mo wà ní ìwé karùn-ún ní Accra yìí. Bàbá bàbá mi ló gbé Bíbélì náà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó ń ta aṣọ kiri. Láàárín Málákì àti Mátíù, ojú ewé kan wà níbẹ̀ tó ṣófo. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ní ilé tiwa, ọmọ tí a kò bá tíì kọ síbẹ̀, a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ tán. Bàbá mi kò mọ̀wé, pásítọ̀ ló máa ń bá a kọ ọ́.

Ní ọdún náà, ẹ̀gbọ́n mi Olúbáyọ̀ fẹ́ wọ ilé ìwé girama kan tí kì í gba ọmọ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́tàlá. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ṣùgbọ́n méjìlá ló kọ sí fọ́ọ̀mù. Ilé ìwé náà ní kí Bàbá mú ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá. Bàbá ní òun yóò gbé Bíbélì lọ lọ́jọ́ Ajé. Kí ọjọ́ Ajé tó dé, ojú ewé náà ti pòórá.

Èmi ni wọ́n mú, nítorí èmi ni mo máa ń ka Bíbélì náà sí Bàbá létí ní ìrọ̀lẹ́. Mo sọ pé mo rí Olúbáyọ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná níbi tó ti ń sun bébà. Bàbá bi í. Ó ní, "Irọ́ ni Rẹ̀mílẹ́kún ń pa mọ́ mi, Bàbá. Ó ń jowú mi ni." Bàbá gbà á gbọ́, ó sì kọjú sí mi. "Ìwọ tí o mọ ìwé ya, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán an." Lọ́jọ́ kejì, ó fà mí lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Mùkáílà ní Sabon Zongo, Mùsùlùmí kan tó ń di Kùránì àti Bíbélì tó bá ti já. N kò padà sí ilé ìwé mọ́.

Nígbà tí kò sí ojú ewé náà mọ́, ilé ìwé gba ọjọ́ orí tí Olúbáyọ̀ kọ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n gbà á wọlé, ó kàwé títí, ó di ọ̀gá ní báńkì. Èmi ṣí ṣọ́ọ̀bù ìwé dídì sí Lapaz. Ó lé ní ogójì ọdún tí n kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá pàápàá, òdìkejì sàréè ni mo dúró sí. Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ajé kan lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá nínú aṣọ ilé ìwé, ó gbé nǹkan tí wọ́n fi aṣọ wé dání.

"Dádì Lapaz, ẹ káàsán o."

Ìfẹ́olúwa ni, àbíkẹ́yìn Olúbáyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Òun nìkan ló máa ń wá sọ́dọ̀ mi láti ilé yẹn.

"Ta ló rán ẹ?"

"Màmá àgbà ni. Kì í ṣe Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó tú aṣọ náà, mo sì rí Bíbélì ilé wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ó ti pín sí méjì. "Ṣọ́ọ̀ṣì wa máa pé ọgọ́rùn-ún ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú Bíbélì àtijọ́ wọn wá kí gbogbo èèyàn wá wò ó. Màmá àgbà ní ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí, àfi ẹ̀yin."

"Sọ fún Màmá pé mo ti gbọ́. Má sọ fún bàbá ẹ pé mo sọ nǹkan kan."

"Ẹ ò kúkú sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yín wọ́n ju epo mọ́tò lọ!"

Afua bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ iṣẹ́ mi ni Afua, ó ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n Twi ni èmi àti òun jọ máa ń sọ. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ mi. Ó ku oṣù méjì kó gba fírídọ́mù, ìyá rẹ̀ sì ti ra aṣọ funfun tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà sílẹ̀.

Mo ṣí Bíbélì náà. Láàárín Málákì àti Mátíù, gbòǹgbò ojú ewé tó ya ṣì wà níbẹ̀, ó rí jákujàku. Mo yára ṣí i kọjá. Nínú Sáàmù, káàdì kan bọ́ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi bàbá bàbá mi ni. Ó ti pọ́n bí ewé kòkó tó gbẹ, ṣùgbọ́n tádáwà búlúù orí rẹ̀ ṣì hàn: orúkọ rẹ̀, Accra, ọdún 1927. Mo fi sínú dúróò.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú un jáde," ni mo wí. Àwọn méjèèjì dáhùn.

Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ ìtàn ní ilé ìwé Ìfẹ́olúwa ní kí wọ́n mú ohun àtijọ́ ilé wọn wá. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Sultan mú àmì ẹ̀yẹ ológun bàbá bàbá rẹ̀ wá, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Ni wọ́n bá kọjú sí Ìfẹ́olúwa, wọ́n fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana pè é. "Alata, ìwọ ńkọ́? Ṣebí àná lẹ dé? Kí lẹ ní tẹ́ ẹ máa mú wá?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ní ọjọ́ Wẹ́sidé, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù. Afua lọ ra wáákyè, ìrẹsì ẹlẹ́wà tí a máa ń jẹ lọ́sàn-án, èmi wà lẹ́yìn níbi tí mo ti ń gé páálí. Ó ṣí dúróò, ó mú káàdì náà, ó rò pé òun á dá a padà lọ́jọ́ kejì kí n tó mọ̀.

Lóòótọ́, ẹnu ya wọn ní kíláàsì. Sultan fúnra rẹ̀ ní, "Áà, ilé yín ti pẹ́ níbí o!" Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń bọ̀, òjò ká a mọ́ ibùdókọ̀ Circle níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ trotro. Báàgì rẹ̀ rẹ. Nígbà tí yóò fi yọ káàdì náà jáde, tádáwà orí rẹ̀ ti ṣàn dànù. Ó gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ṣí dúróò.

"Afua, káàdì dà?"

"Másítà, mi ò mú un o. Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò."

"Ta ló máa ń dá wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n Ìfẹ́ náà wá síbí ní Wẹ́sidé..."

"Má parọ́ mọ́ ọmọ ilé mi!"

Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá wa ti ń yọjú. Afua bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Másítà, fírídọ́mù mi ńkọ́?"

"Kò sí fírídọ́mù fún olè. Máa lọ ilé yín."

Ó bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì lọ. Bí mo bá ti sọ nǹkan, mo ti sọ ọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí láti kékeré.

Ní ọjọ́ Ajé, Ìfẹ́olúwa wọlé. "Afua dà?"

"Mo ti lé e. Ó jí káàdì bàbá ńlá wa."

Ó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó ní òun ń lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dákẹ́. Ní ọjọ́ Tọ́sìdé, ó padà wá, ó kúnlẹ̀ sáàárín ègé páálí, ó sì yọ káàdì kan tó ti kún fún àbàwọ́n búlúù jáde.

"Dádì Lapaz, Afua ò mú nǹkan kan. Èmi ni." Ó gbé káàdì náà lé mi lọ́wọ́. "Mo fẹ́ dákẹ́. Mo ní Afua á ṣáà rí iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Afua ni mo ń gbọ́ létí. Ohùn Bàbá mi ni, láìkù síbì kan. Èmi tí wọ́n dá lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu mi, mo ti dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan kan tí mo fi dá tèmi.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti Ìfẹ́olúwa lọ sí ilé Afua ní Sabon Zongo. Ìyá Afua dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò yà fún wa.

"Bàbá, kí lẹ tún fẹ́? Ṣé ẹ wá yẹ ilé wa wò ni?"

Ìfẹ́olúwa kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ ní Twi. Mo bẹ̀bẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ ènìyàn kẹ́yìn. Afua tẹ́tí sí wa títí a fi parí, kò sọkún lọ́tẹ̀ yìí.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n nílé wa lẹ ti ń bẹ̀ mí. Gbangba lẹ ti pè mí lólè. Ibi tí ẹ ti pè mí lólè ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́."

Ìfẹ́olúwa lọ jẹ́wọ́ nílé wọn náà. Nítorí náà, nígbà tí ó di àárọ̀ Sátidé, tí Afua àti àwọn tó ń tajà lẹ́bàá mi ti pé síwájú ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ Olúbáyọ̀ dúró. Ó ran Ìyá wa lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Mo fún Ìyá ní àga. N kò wo ojú Olúbáyọ̀.

Ìfẹ́olúwa bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ lọ́jọ́ Ẹtì pé Afua jalè, kò jalè. Èmi ni mo..."

"Ó tó," ni Olúbáyọ̀ wí. "Ọmọdé ni. Káàdì lásán ni. Ẹ má dójú ti ọmọ mi ní gbangba."

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán," ni ọmọ náà wí, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ tán. Èmi náà sọ tèmi, pé mo fi ẹ̀sùn èké kan ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta sìn mí, àti pé fírídọ́mù rẹ̀ dúró bó ṣe wà. Afua wò wá, ó wo àwọn ará àdúgbò, ó mú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ lórí tábìlì, ó so ó mọ́dìí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tó ń ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Bí o bá ṣe àṣìṣe tí o sì dákẹ́, ẹlòmíràn ni yóò ru ú fún ọ. Tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré. Èyí tí o bá gbé pamọ́ yóò máa dàgbà pẹ̀lú rẹ ni. Ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀, kí ó ṣọ́ra, kí ìbínú rẹ̀ má sọ òun náà di aṣebi.

Ìyá fi ọwọ́ nu ojú Ìfẹ́olúwa. "O ṣeun, ọmọ mi. Tìẹ ò pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́rùn ẹ."

Olúbáyọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo rí i tó ń wo Bíbélì lórí tábìlì mi, níbi tí mo ti rán an tán, tí mo sì fi awọ tuntun bò ó. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ọkùnrin tó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá lórí ilẹ̀ Lapaz.

"Ìyá," ó ní, lóhùn kẹ́lẹ́, "ojú ewé ọjọ́sí... Rẹ̀mílẹ́kún kọ́ ló fà á ya."

"Sọ ọ́ sókè," ni Ìyá wí. "Etí mi ti wúwo."

Ó dìde sórí eékún rẹ̀. Kò wo Ìyá mọ́, èmi ló wò. Ó sì sọ ọ́ sókè dé ibi tí àwọn tó wà ní òdìkejì títì fi yíjú sí wa.

"Èmi ni mo fà á ya, àbúrò mi. Mo dín ọjọ́ orí mi kù, ẹ̀rù bà mí, mo sun ún lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo wò wọ́n tí wọ́n mú ẹ kúrò ní ilé ìwé, mo sì dákẹ́. Ìwọ kọ́. Èmi ni."