Ẹ̀jẹ̀ AS Lórí Òkè La Paz

Dókítà náà gbé bírò rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, ó sì wo ojú Bàbá Adédìran.

"Sà, ǹjẹ́ ẹ ní àìsàn kankan tí ó jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀?"

"Rárá o," ni Bàbá dáhùn. "Ara mi le koko."

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, ní ilé ìwòsàn àwọn arìnrìn-àjò kan ní Decatur, lẹ́bàá Atlanta. Láńrewájú Adédìran jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Yéjídé, aya rẹ̀, jókòó tì í. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n ti jọ wà gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya, nítorí náà ni àwọn ọmọ wọn méjèèjì, Tiwa àti Eli, ṣe sanwó ọkọ̀ òfuurufú fún wọn: Salvador ní Bùràsíìlì, Lima ní Peru, àti La Paz ní Bolivia.

Yéjídé fi ìgúnpá gbún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tiwa, AS ńkọ́?"

"AS wo?"

"AS tiyín. AA ni èmi, AS ni ẹ̀yin. Ẹ sọ fún un."

"Yéjídé, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìyẹn! Àbí dókítà yìí fẹ́ fẹ́ ìyàwó mìíràn fún mi ni? A ti ṣe àyẹ̀wò, a ti fẹ́ra, a ti bímọ, kò sí SS nínú wọn. Kí ni AS tún kù láti ṣe?"

Ẹ̀rín pa Yéjídé. Dókítà bi wọ́n bóyá ó ku ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, Bàbá sì ní kò sí. Dókítà náà fún wọn ní abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ó wá kìlọ̀ fún wọn pé La Paz ga ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ mítà lọ, pé kí wọ́n sinmi dáadáa ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa mu omi púpọ̀.

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ti ń padà lọ sí ilé wọn ní Stone Mountain, inú Bàbá ń dùn.

"Ìlú tí ó ga tó báyìí! Orí òkè àdúrà ni Olúwa ń gbé wa lọ yìí o. N ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, kí n fi dúpẹ́ ọdún márùndínlógójì."

"Dókítà mà ní kí ẹ máa mu omi."

"Bí ó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, n ó mu ún. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, n kò gun òkè àdúrà kí n jẹ, kí n mu rí. Ṣé ọjọ́ ogbó ni kí n wá bẹ̀rẹ̀?"

Yéjídé náà ti bá a gun òkè bẹ́ẹ̀ nílé, kò sì sí ohun tí ó ṣe wọ́n.

Ní Salvador, wọ́n bá obìnrin kan tí ń dín àkàrà nínú epo pupa lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá ra mẹ́rin.

"Wọ́n là á láàárín," ni Yéjídé wí, "wọ́n wá ki edé sí i. Ta ni ó kọ́ wọn?"

"Ó dùn ju tìrẹ lọ."

"Ó dára. Kí obìnrin yìí máa bá yín lọ sí Stone Mountain, kí ó máa dín in fún yín."

Lima ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì láìgbédè. Yéjídé a kọ orúkọ àdúgbò tí wọ́n ń lọ sínú ìwé, a sì nà án sí awakọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọ̀dọ́ dìde fún wọn láti jókòó, Bàbá sì súre fún wọn ní Yorùbá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé ẹja tí wọ́n rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ wá síwájú wọn.

"Ẹja yìí kò tíì rí iná," ni Yéjídé wí.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi sè é."

"Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í ṣe sítóòfù, Bàbá Tiwa. Ẹ bá mi béèrè ìrẹsì."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣeré kiri títí wọ́n fi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí La Paz. Lima wà létí òkun, La Paz sì wà lórí òkè gíga, síbẹ̀ wákàtí díẹ̀ péré ni wọ́n fi ti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dé, Bàbá kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́wàá ní ilé ìtura kí ó má dúró mí. Ní ọjọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ rẹ̀. Orí fọ́ ọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó mu tíì, ó jẹ búrẹ́dì, ó sì sùn. Ní ọjọ́ kẹta, láìtíì fi nǹkan kan kan ẹnu, ó ní kí àwọn wọ ọkọ̀ tí okùn irin ń fà lójú òfuurufú, èyí tí ará ìlú fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ àti sí ọjà, kí àwọn lè gbàdúrà níbi tí ó ga jù.

Wọ́n bọ́ sílẹ̀ lókè pátápátá. Ìlú tẹ́ rẹrẹ sísàlẹ̀ wọn, yìnyín sì funfun lórí òkè ọ̀ọ́kán. Bàbá kúnlẹ̀, ó sì di ìhà òsì rẹ̀ mú.

"Kí ló dé?" ni Yéjídé béèrè.

"Afẹ́fẹ́ ni. Yóò lọ."

"Afẹ́fẹ́ wo ni ó ń mú yín làágùn nínú òtútù yìí?"

"Mo ní yóò lọ. Jẹ́ kí a gbàdúrà."

Ó gbìyànjú láti dìde, kò lè nà tán. Ìrora náà wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, ó sì ń gùn dé èjìká. Yéjídé mú un jókòó, ó sì pe Olúwafẹ́misí lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ni Fẹ́misí ní ilé ìwòsàn kan ní Decatur, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn.

"Mummy, ẹ káàsán o! Báwo ni Bolivia?"

"Fẹ́misí, Bàbá Tiwa ni. Inú ń dùn ún gan-an."

"Ọ̀tún ni àbí òsì?"

"Òsì. Lókè, lábẹ́ egungun ìhà."

Ohùn Fẹ́misí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. "Mummy, jínótáìpù wo ni Daddy?"

"AS."

"Ẹ gbé fóònù sí etí wọn. Daddy, ìgbà wo ni ẹ mu omi kẹ́yìn?"

"Lánàá, ní aago mẹ́jọ alẹ́," ni Bàbá fi ìrora dáhùn. "Mo wà nínú ààwẹ̀. Wákàtí mẹ́rin péré ni ó kù."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́ mi. Apá kan nínú ẹ̀jẹ̀ oní-AS ni S. Ní Atlanta níbí, kì í yọ yín lẹ́nu, nítorí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn pọ̀ tó. Lókè níbẹ̀, ọ́síjìn kéré, omi sì ti gbẹ lára yín. Ìyẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ náà ká kò, kí ó le, kí ó sì dí ọ̀nà lọ sí ẹ̀yà ara kan tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, èyí tí à ń pè ní "spleen". Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, kíkú ni yóò máa kú."

"Ṣùgbọ́n AS kì í ṣe àìsàn! Àwọn SS ni ó ní fòníkú-fọ̀ladìde."

"Òótọ́ ni, sà. Kì í ṣe àìsàn. Ọ̀pọ̀ oní-AS yóò dàgbà, yóò darúgbó, kò ní rí irú èyí. Ṣùgbọ́n orí òkè gíga yàtọ̀."

Yéjídé gba fóònù. "Sọ ohun tí n ó ṣe fún mi."

"Ẹ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ nísinsìnyí. Wọn kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ gun òkè kankan mọ́. Bí wọn kò bá ń bì, kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ lọ o, kì í ṣe ilé oògùn. N ó fi ọ̀rọ̀ AS náà ránṣẹ́ sí yín ní èdè Sípáníìṣì. Ẹ fi hàn wọ́n ní ẹnu ọ̀nà."

Yéjídé ṣí ike omi rẹ̀.

"Ẹ mu."

"Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run, Yéjídé."

"Mo mọ̀. Mo sì ti bẹ̀ Ẹ́ fún yín. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí Ó kà á sí mi lọ́rùn. Ẹ mu omi!"

Bàbá wo ojú rẹ̀. Ó ti mọ ìgbà tí iyàn jíjà kò wúlò mọ́. Ó gba ike náà, ó sì mu.

Takisí gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Ọkùnrin tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ kan orí, ó fọwọ́ kan inú, ó sì fi fóònù rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún wọn: gbogbo àlejò ni òkè máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gba oògùn orí fífọ́, kí wọ́n lọ sùn ní ilé ìtura.

Oògùn náà ti wà lọ́wọ́ Bàbá. "Ó ní kò tó nǹkan," ni ó wí. "Jẹ́ kí a máa lọ."

"A kò lọ síbì kankan."

Yéjídé gbé fóònù tirẹ̀ síwájú ọkùnrin náà, ó nàka sí ọ̀rọ̀ tí Fẹ́misí kọ ránṣẹ́. Ọkùnrin náà mi orí, ó sì pe ẹni tí ó kàn lórí ìlà. Yéjídé kò kúrò lójú kan.

"AS!" ni ó wí sókè. "AS! Ẹ pe dókítà! N ó dúró síbí títí dọ̀la bí ẹ bá fẹ́!"

Dókítà obìnrin kan gbọ́ ariwo, ó jáde. Ó ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó wo ibi tí ọwọ́ Bàbá wà, ó sì pè fún kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn sí imú rẹ̀, tí wọ́n fa omi sí i lára, tí wọ́n sì gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú.

Nígbà tí dókítà padà dé, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí ó gbọ́ bá Yéjídé sọ̀rọ̀.

"Apá kan ẹ̀yà ara náà ti kú. Apá tí ó pọ̀ jù ṣì wà láàyè. Ká ní ẹ padà sí ilé ìtura ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún yín."

Ìgbà yẹn ni Yéjídé tó jókòó, tí ó sì sunkún.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Bàbá lò níbẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, àwọn dókítà fọwọ́ sí i pé kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Santa Cruz, ìlú tí kò ga. Ó sinmi níbẹ̀ kí wọ́n tó padà sí Atlanta.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì tí wọ́n dé, Bàbá gba ẹ̀rọ agbóhùnsókè nínú ìjọ.

"Kí gbogbo oní-AS na ọwọ́ sókè," ni ó wí.

Ọwọ́ pọ̀ sókè, tàgbà tọmọdé.

"Ẹ ṣeun. Kí ẹni tí kò tíì sọ ọ́ fún dókítà rẹ̀ rí ní ilẹ̀ yìí má tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀."

Díẹ̀ péré ni ọwọ́ tí ó wálẹ̀. Ìyá Jìmí, tí ó jókòó níwájú, gbóhùn sókè.

"Ẹ̀yin Bàbá Tiwa, ẹni tí ó ti bímọ tán, tí ó ti ní ọmọ-ọmọ, kí ni ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ AS ṣe?"

"Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀, Ìyá Jìmí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kú. Ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ wa nígbà tí a ń wá ẹni tí a ó fẹ́, ó yẹ kí a ṣì máa sọ ọ́ nígbà tí a bá ń wá ibi tí a ó lọ."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù yín bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi pa mọ́ fún àwọn ọmọ yín tí a bí sí ilẹ̀ yìí, nítorí àwọn náà ń gun òkè, wọ́n sì ń sáré ìdíje.

Bí ẹ bá jẹ́ AS, AS kò ní kí ẹ má rìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ sí ìlú tí ó ga, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín, kódà bí kò bá béèrè. Bí ọ̀nà bá wà, ẹ má ti etí òkun bọ́ sórí òkè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ sinmi lágbedeméjì. Ẹ máa mu omi, ẹ má sì ṣe iṣẹ́ agbára ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gba ààwẹ̀, ẹ gbà á nílé kí ẹ tó lọ, tàbí nígbà tí ẹ bá padà dé.

Bí inú bá ń dun oní-AS lókè, lábẹ́ egungun ìhà òsì, ẹ má pè é ní afẹ́fẹ́. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé AS ni. Bí wọn kò bá gbọ́, ẹ tún un sọ. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi gbọ́.