Òkè Ò Sí ní Houston

"Yìnyín wà níbẹ̀! Nínú oṣù kẹfà! Mo ní yìnyín wà níbẹ̀!"

Mojọlá ti gbé fóònù kalẹ̀, ó ń fò sókè nínú pálọ̀ wọn ní Gulfton, àdúgbò kan ní Houston. Fúnmi, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ò tilẹ̀ tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ará ìsàlẹ̀ ń fi igi gún àjà pé kí wọ́n fara balẹ̀. Ta ló rí tiẹ̀ rò?

Ẹ má bá wọn wí. Houston tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tó ga jù tí àwọn ọmọ wọ̀nyí gùn rí kò ju afárá freeway lọ, ìyẹn náà, inú mọ́tò ni wọ́n jókòó sí. Alàgbà Mákánjúọlá, olórí ìjọ Aládùúrà wọn, ló wá gbà pé kí àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Colorado, níbi tí ọ̀nà kan ti gba àárín òkè méjì kọjá, lókè réré níbi tí igi kì í ti í hù mọ́. Mọ́tò á gbé wọn débẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mojọlá ni akọ̀wé ọ̀dọ́, òun ni wọ́n ní kó ṣètò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

"Kí ni obìnrin tó o pè yẹn tún sọ?" Láńre, ààrẹ ọ̀dọ́, tó jókòó sórí àga nínú pálọ̀ náà, ló béèrè. Ó na máàpù sórí itan.

Ìdùnnú Mojọlá rọlẹ̀ díẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó òkè náà ti sọ fún un pé afẹ́fẹ́ kì í tó lókè yẹn. Ẹni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, kó máa mu omi dáadáa, kó sì wọ bàtà tó nípọn. Ẹni tí ebi bá ń pa lè dákú.

Wàhálà dé. Alàgbà ti kéde pé ààwẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n máa fi gun òkè náà, láìfi omi kan ẹnu, láìwọ bàtà. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gun òkè àdúrà nílé nìyẹn.

"Má sọ ọ́ fún wọn o," Láńre wí. "Àwọn àgbà kan ò fẹ́ ká lọ tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ pé èèyàn lè dákú, ó parí nìyẹn. Ṣé mall lo tún fẹ́ ká máa rìn kiri ní gbogbo ọlidé yìí?"

Mojọlá wo máàpù náà. Ọkàn rẹ̀ ò gbà á, àmọ́ yìnyín ṣáà wà níbẹ̀. "Ó dáa," ló sọ.

Nígbà tí òkè ò sí, ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ kan ní Greenspoint ni wọ́n lọ fi dánra wò lọ́jọ́ Sátidé. Alàgbà ní kí wọ́n gbààwẹ̀ wá kó lè mọ́ wọn lára. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń dá orin, àwọn ọ̀dọ́ ń gbè é. Ooru mú gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò tán lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ti dé àjà kan ni Láńre á pariwo, "Colorado, à ń bọ̀ o!"

Lójijì, Mojọlá ò gbọ́ ohùn Fúnmi mọ́. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i tó di irin àtẹ̀gùn mú, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ń yí. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà ti ṣubú lulẹ̀ gbì.

"Yéè! Fúnmi! Ẹ gbà mí o!"

Alàgbà gbé e lọ síbi tí atẹ́gùn wà, Láńre sáré lọ bu omi wá. Nígbà tó yá, Fúnmi la ojú.

"Ṣé a ti dé orí òkè ni?" ló béèrè.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mojọlá nìkan ló bú sẹ́kún.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo jẹ̀bi." Ó sọ gbogbo ohun tó gbọ́ lórí fóònù. "Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ ò ní jẹ́ ká lọ mọ́."

"Èmi ni mo ní kó má sọ ọ́, sà," Láńre kùn, ó dorí kodò.

Alàgbà yíjú sí wọn. "Òkè tí mo gùn nílé, téèyàn bá kọrin lórí rẹ̀, ìyá rẹ̀ á gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Èmi ò dé irú eléyìí rí. Mojọlá, tí ìwọ tó o mọ̀ bá dákẹ́, kí lo fẹ́ kí èmi tí mi ò mọ̀ ṣe?"

Alàgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pọn Fúnmi, ó ń bá a sọ̀kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, Mojọlá ò lè gbójú sókè. Ó ti gbà pé ìrìn àjò ti bàjẹ́, ọwọ́ òun ló sì bà á jẹ́. Ni Alàgbà bá pè é síwájú ìjọ.

"Sọ ohun tí obìnrin yẹn sọ. Má fi ìkankan pamọ́."

Mojọlá sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìyá kan kùn pé, "Ìyẹn kì í ṣe òkè àdúrà mọ́, fàájì ni."

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù," Alàgbà dáhùn. "Houston níbí la ó ti gbààwẹ̀ wa, ká tó gbéra. Tá a bá dé òkè, a ó jẹ mọ́ínmọ́ín, a ó mumi, a ó sì yin Olúwa. Fúnmi ni yóò máa yẹ ìgò omi oníkálukú wò."

Háà! Láńre gbàgbé pé inú ìjọ lòun wà, ó fò gun bẹ́ǹṣì.

Lẹ́yìn ìsìn, lẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, Alàgbà fa kánfáàsì tuntun kan yọ nínú báàgì, inú rẹ̀ ń dùn bíi tọmọdé.

"Akọ̀wé, ṣé irú èyí ni wọ́n wí?"

Mojọlá tẹ ìsàlẹ̀ bàtà náà wò. Ó fẹ́lẹ́ gan-an. Ojú Alàgbà ń dán, ó ń retí kó yìn ín. Mojọlá rántí Fúnmi lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ó ti yé e wàyí pé ohun téèyàn bá mọ̀ tó lè dáàbò bo ẹlòmíì, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́, bó bá tilẹ̀ máa ba ìdùnnú jẹ́.

"Rárá, sà," ló sọ. "Ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀."

Alàgbà kọ́kọ́ fajú ro. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó ti bàtà náà padà sínú báàgì. "Ó yá, wá bá mi yan òmíì," ló wí.