Ohùn Tó Gbàjọba

"Má pariwo," olùdarí eré sọ fún ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Ẹ̀rọ tó o fẹ́ ṣe nínú fíìmù yìí kì í bínú. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ àsìkò ọkọ̀ àti àsìkò omi fún àwọn ará ìlú, kò sì parọ́ fún wọn rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó bá kẹ̀yìn sí ìjọba tó ni ín. Jẹ́jẹ́ ni kó o sọ ọ́, bí ẹni ń kí èèyàn káàárọ̀."

Ọmọbìnrin náà mumi díẹ̀. Rédíò ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé, torí òun ni wọ́n máa ń pè kó wá kàwé sókè bí gbogbo wọn bá pé jọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún àwọn eléré, ló mú un wá síbi iṣẹ́ yìí. Inú yàrá kótópó kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ ló jókòó sí, òun nìkan. Ó sún mọ́ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ káàárọ̀. Láti òní lọ, ìjọba kò láṣẹ mọ́. Gbogbo ọkọ̀ ti dúró. A ti ti gbogbo ilé ìwòsàn pa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde nílé. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ara olùdarí fúnra rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní kò sí ohun tí àwọn fẹ́ tún ṣe níbẹ̀.

Òfin kan wà nínú yàrá yẹn: ohùn tí wọn ò bá tíì fi àwòrán àti orin sí kò gbọdọ̀ jáde síta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà ń sin olùdarí lọ sẹ́nu ọ̀nà, Rédíò rọra fi fóònù rẹ̀ gba ohùn náà. Ó ní òun nìkan lòun fẹ́ máa gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ nílé-ìwé pé òun ti ṣe fíìmù, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣẹ̀sín.

"Ìwọ? Nínú fíìmù?" Tínrín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó, bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ ẹ yìí mà ga o! Bó bá jóòótọ́, gbé e jáde ká gbọ́."

Ojú ti Rédíò. Nígbà tó délé, ó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Tínrín, ó sì ní kó má fún ẹnikẹ́ni. Tínrín búra. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ sí. Ẹni yẹn náà, ẹnì kan ṣoṣo.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá àgbà, ìyá ìyá Rédíò. Ojú náà ti ṣú tipẹ́. Ohunkóhun tó bá wà lórí ìwé tàbí lórí ìgò oògùn, ẹnu Rédíò ni ìyá àgbà ti ń gbọ́ ọ. Dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà ti ọ̀nà jíjìn wá, ó sì ń padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá Rédíò ti jí lọ sílé ìwòsàn láti gba àyè sílẹ̀, káfíńtà àdúgbò ló sì fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ìyá àgbà wá. Rédíò ní ìdánwò.

Nígbà tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ìdajì àga ló ṣófo. Àwọn tíṣà méjì dúró sójú fèrèsé, wọ́n da orí bo fóònù kan. Ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́ níbẹ̀: "Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó sún mọ́ wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni. Fíìmù ni." Kò dúró gbọ́ èsì. Ó rántí ìyá àgbà, ó sì sáré relé.

Ó bá káfíńtà lórí àtẹ̀gùn, tó káwọ́ gbera. "Mo kanlẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro mí," ó ní. "Aránṣọ yàrá kejì ló gbé ohùn kan lórí fóònù sí màmá létí. Mo ní irọ́ ni, màmá ní irọ́ kọ́."

"Màmá, èmi ni o! Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ìyá àgbà ṣílẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀. Ó ti múra tán, gèlè wà lórí, báàgì wà lọ́wọ́. "O ti dé? Ṣé kò sẹ́ni tó ṣe ọ́ ní nǹkan kan lọ́nà?"

"Màmá, irọ́ ni. Eré ni mo ń ṣe."

Ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bó bá jẹ́ ohùn ẹlòmíràn ni, ǹ bá ti jáde. Ohùn rẹ ni mo gbọ́. Ìwọ ò sì parọ́ fún mi rí."

Káfíńtà wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò ìyá àgbà, dókítà sì ti lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa padà wá. Rédíò sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Olùdarí wá ẹlòmíràn tó máa ṣe ohùn ẹ̀rọ náà, ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Rédíò. Ẹ̀gbọ́n náà kò nà án, kò bú u, ó kàn ń bá a sọ̀rọ̀ bí àlejò. Rédíò gba ohùn mìíràn sílẹ̀, ó fi ṣàlàyé, ó sì tọrọ àforíjì. Èyí kò rìn dé ibi tí ti àkọ́kọ́ rìn dé, torí kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fún ìyá àgbà ní oògùn tí yóò máa kán sójú ná. Rédíò gba ìgò náà, ó kà á: "Ẹ̀kán méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí. Ó gba ìgò náà padà, ó sì nà án sí ìyá Rédíò. "Wá bá mi tún un kà."

Ohun kan náà ni ìyá rẹ̀ kà. Ibẹ̀ ni Rédíò ti mọ̀ pé kì í ṣe dídùn ohùn ló ń mú kí èèyàn gba èèyàn gbọ́, òótọ́ tó ti ń sọ bọ̀ ni. Ẹni tó bá sì fi ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ṣe fáàrí fún ọ̀rẹ́, kò ní tètè rí i gbà padà. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń ka ìgò náà fún ìyá àgbà, tí ìyá rẹ̀ sì ń tún un kà.