Tíṣà, Fọ́tò àti Ìwé Ìlú Ọba

Tìbínú-tìbínú ni Tíṣà fi wọ ṣọ́ọ̀bù ayàfọ́tò àdúgbò wọn.

"Ọ̀gá, òjìji wà lẹ́yìn etí mi," ló wí, ó sì to fọ́tò mẹ́rin sórí tábìlì. "Lọ́yà tó ń bá mi kọ ìwé ní wọn ò ní gbà á."

Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fọ́tò gbé ọ̀kan sábẹ́ iná, ó wò ó. Òótọ́ ni. Òjìji kan wà níbẹ̀, kò ju èékánná lọ.

"Ẹ má bínú. Ẹ jókòó, màá tún un yà. Ẹ kò ní san nǹkan kan." Ó gbé iná kan sí apá òsì, ó gbé òmíràn sẹ́yìn. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o."

"Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín?"

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín pa á. Ó pa Fọ́tò pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yà á kí ojú rẹ̀ tó dúró.

"Ṣé ẹ fẹ́ rìnrìn àjò ni?" Fọ́tò bi í níbi tó ti ń gé àwòrán náà.

"Mi ò tíì sọ pé mò ń lọ. Ìlú Ọba ni wọ́n ti bí bàbá mi, nígbà tí àwọn òbí wọn ń kàwé níbẹ̀. Òfin ní ọmọ wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti di ọmọ ìlú náà. Ẹ̀tọ́ mi ni mo fẹ́ gbà."

Ìṣirò ni Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó padà wá ṣe ẹ̀dà ìwé. Ó tún wá nítorí ẹ̀dà mìíràn. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, kò mú ìwé kankan lọ́wọ́, Fọ́tò sì gbọ́n tó láti má béèrè. Ó kó nǹkan kúrò lórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ni Tíṣà ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ yéé pè mí ní 'ẹ'," Tíṣà wí lọ́jọ́ kan. "Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ."

"Kí ni kí n máa wá pè ọ́?"

"Ohun tó bá wù ọ́."

'Àdúmáadán mi' ni Fọ́tò ń pè é láti ọjọ́ náà. Ìfẹ́ ti wọ Fọ́tò lára, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀.

Ìwé ìbí bàbá Tíṣà kò ṣòro rí. Wọ́n kọ̀wé sí Ìlú Ọba, ó sì dé. Ìwé ìbí Tíṣà fúnra rẹ̀ ni wàhálà wà. Ibi tó yẹ kí orúkọ bàbá wà, ilà lásán ni wọ́n fà síbẹ̀. Ọkọ̀ ló pa bàbá rẹ̀ nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní oṣù méje, ìyá àti bàbá rẹ̀ kò sì tíì ṣègbéyàwó.

"Ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́," lọ́yà ṣàlàyé fún un. "Láyé ọjọ́un, ẹni tí òbí rẹ̀ kò bá fẹ́ ara wọn kì í rí ẹ̀tọ́ yìí gbà láti ọ̀dọ̀ bàbá. Wọ́n ti yí òfin náà padà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ló bí yín. Ṣé ó ní ọmọ ìyá tó ṣì wà láyé?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá Tíṣà ní: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin yìí ló lé ìyá Tíṣà jáde níbi ìsìnkú, tó ní kò sí oyún àbúrò òun níkùn ẹnikẹ́ni.

"Má dé ilé yẹn," ìyá rẹ̀ wí. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́ ọ, mi ò tọrọ ẹyọ iyọ̀ lọ́wọ́ wọn."

Tíṣà lọ. Fọ́tò ló sìn ín lọ.

Bàbá arúgbó náà ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Tíṣà kúnlẹ̀, ó sọ ẹni tó jẹ́. Bàbá náà wo ojú rẹ̀ pẹ́.

"Ṣé ilé tí àbúrò mi fi sílẹ̀ lo bá wá?"

"Rárá, sà. Itọ́ ẹnu yín ni mo bá wá."

Fọ́tò dorí kodò kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà ṣàlàyé àyẹ̀wò DNA tí lọ́yà ní kí wọ́n ṣe: wọn á fi òwú nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn méjèèjì nínú, wọn á fi wé ara wọn. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà lójú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò? Àbúrò mi ló dúró níwájú mi yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé mo ṣìṣe. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n wá yín wá. Sọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí n wá."

Àyẹ̀wò náà bára mu. Lọ́yà fi gbogbo ìwé ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó wá ku kí wọ́n dúró de èsì.

Àsìkò yẹn ni ìyá Tíṣà lọ bá Fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Ọmọ mi fẹ́ di ọmọ Ìlú Ọba, ìwọ náà sì yọjú. Ta lò ń fẹ́, òun àbí páálí Ìlú Ọba tó ń bọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fọ́tò lákínyẹmí ara. Láti ọjọ́ náà kò gbé fóònù Tíṣà mọ́. Lẹ́tà dé láti Ìlú Ọba pé wọ́n ti gba Tíṣà. Ọjọ́ tí Tíṣà lọ búra ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Ìlú Ọba, ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, kò rí Fọ́tò. Ó dùn ún wọra. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù tààrà.

"Kí ni mo ṣe ọ́?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyá rẹ ló bi mí léèrè bóyá páálí ni mò ń wá. Tí mo bá ní ìwọ ni mo fẹ́, wọ́n á ní irọ́ ni."

"Ẹni tó ń wá páálí kì í sá lọ́jọ́ tí páálí dé. Ìṣirò rẹ kò bára mu, ayànfẹ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì, Fọ́tò lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá Tíṣà.

"Mà, ẹ fún mi lọ́mọ yín. Bó bá fẹ́ lọ sí Ìlú Ọba, ẹ jẹ́ kó máa lọ, èmi á dúró síbí. Mi ò ní béèrè ìwé ìrìnnà kankan, àfi lọ́jọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín bá ní kí n máa lọ."

"Ó lè pẹ́ o."

"Mo gbọ́, mà."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù ní Ọjọ́bọ̀ kan. Awọnlẹ̀ náà wá, ó bọ́ fìlà níwájú ìyá Tíṣà, ó tọrọ àforíjì. Ìyá Tíṣà ní òun gbọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó bá a wá àga.

Tíṣà ríṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlú Ọba, ó lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Fọ́tò ń lọ kí ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó tún ẹ̀rọ omi wọn ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, òun ló ń kán oògùn sí i ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Kò dárúkọ físà lẹ́ẹ̀kan.

Ní oṣù kẹrìnlá tí Tíṣà ti lọ, Fọ́tò wà lórí àga, ó ń pààrọ̀ gílóòbù, ni ìyá Tíṣà bi í:

"Kí ló dé tí o ò tíì lọ gba físà?"

"Ẹ ò tíì ní kí n lọ, mà."

"Ó dáa, mo ti ní kí o lọ. Ọmọ mi ń dá sùn nínú òtútù, o wá gun àga síbí."

Físà náà gba oṣù márùn-ún. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Fọ́tò gúnlẹ̀ sí Ìlú Ọba, Tíṣà dúró lẹ́yìn irin níbi tí àwọn èrò ń gbà jáde. Ó ti ro gbogbo ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀. Nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ tó ń ti ẹrù bọ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ṣé o ti jẹun?" ló bi í.

Fọ́tò ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀ òfuurufú.

"Rárá," ló wí. "Mi ò tíì jẹ nǹkan kan."