Lẹ́ńsì Tí Etí Ṣẹ́ẹ̀tì Ha

"Ẹ má nu ún!"

Bí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣe fò dìde lórí àpótí rẹ̀ nìyẹn, ó di onífọ́tò kan lọ́wọ́ mú kí etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó kan ojú lẹ́ńsì. Onífọ́tò gbójú sókè wò ó, ó sì gbàgbé ohun tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù atúnkámẹ́rà.

Obìnrin náà mú rọ́bà kékeré kan, ó tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ gbá eruku lọ. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn èyí tó kù. Ó wá kán omi oògùn sára aṣọ múlọ́múlọ́, kò kán an sójú lẹ́ńsì, ó ń nu ún yípo láti àárín lọ sí etí.

"Iyanrìn ló wà nínú eruku, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ fi ha á. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ṣé báyìí náà lẹ ṣe ń fẹ̀sọ̀ mú ọkọ yín?"

"Mi ò tíì lọ́kọ. Ẹ dé ìdérí ẹ̀, ẹ máa lọ."

Kò lọ o! Kámẹ́rà tí kò dọ̀tí ló ń gbé wá lójoojúmọ́. Kó tó oṣù mẹ́ta, "ẹ" ti di "o", wọ́n ti ń pe ara wọn ní olólùfẹ́. Bàbá ọmọbìnrin, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin gbé kámẹ́rà lọ fún oníbàárà. Lẹ́ńsì ẹlòmíràn wà lórí tábìlì. Onífọ́tò ní òun yóò bá olólùfẹ́ òun nu ún, kó lè yìn ín. Ó fa etí ṣẹ́ẹ̀tì yọ, ó nu ún tagbáratagbára. Nígbà tó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ìlà kan ti là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yára dé ìdérí rẹ̀, ó gbé e padà sáyè rẹ̀.

Bàbá ló ṣí i lọ́jọ́ kejì. Ó rí ìlà náà, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè bóyá òun ló ha á. Ọmọ ní bóyá òun ni, òun kò rántí.

"Ọdún mẹ́wàá tí mo fi kọ́ ẹ! Dìde lórí àpótí yẹn. Má fọwọ́ kan lẹ́ńsì mọ́."

Ìṣojú onífọ́tò ni ọmọbìnrin ti bú sẹ́kún. Onífọ́tò ní, "Pẹ̀lẹ́, olólùfẹ́ mi," ìtìjú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, torí ẹnu tó yẹ kó fi jẹ́wọ́ ló fi ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wá, tó sì ń padà lọ láìjẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá.

"Èmi ni, sà. Etí ṣẹ́ẹ̀tì mi ni."

Bàbá mú lẹ́ńsì tirẹ̀ fi rọ́pò ti oníbàárà, ó ní kí ọmọ òun padà sórí àpótí rẹ̀, ó sì bẹ ọmọ náà pé kó má bínú.

"Lẹ́ńsì kọ́ ló dùn mí," ọmọbìnrin sọ fún onífọ́tò. "Mò ń sunkún, o sì ń wò mí."

"Mo mọ̀. Ojú ń tì mí."

"Jẹ́ kó ṣì máa tì ẹ́."

Oṣù méjì ló fi tì í. Àràárọ̀ ló ń wá fi rọ́bà gbá eruku, kò sì nu ohunkóhun, títí ọmọbìnrin fi gbé aṣọ múlọ́múlọ́ lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, bàbá ìyàwó ló ya fọ́tò. Lẹ́ńsì onílà yẹn ló fi yà á. Fọ́tò náà dán, ó wà lára ògiri wọn títí di òní, kò sí àlejò tó rí ìlà kankan níbẹ̀. Ọkọ ìyàwó nìkan ló máa ń dúró síwájú rẹ̀.

"Kò kúkú hàn, olólùfẹ́ mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀. Ojú ṣì ń tì mí ni."

"Torí ẹ̀ náà ni mo ṣe gbà ọ́."